Ìbánikẹ́dùn Ẹgbẹ́ Atúnkọ̀ǹpútàṣe fún Ìdílé Ẹ-jẹ́-n-jókòó, àti Ìròyìn nípa Kọ̀ǹpútà Ilé Yín

Sí ìyá wa, ìyàwó olóògbé, àti gbogbo àwọn ọmọ,

Ọkàn wa wúwo gan-an bí a ṣe ń kọ ìwé yìí sí yín. Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ikú mú ọkọ yín, ó mú baba àwọn ọmọ, ó sì mú ẹni tí à ń sá tọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá ta kókó. Ó dùn wá dé egungun.

Ẹ lè ti máa ṣe kàyéfì nípa ohun tó mú wa sọ olóògbé ní Ẹ-jẹ́-n-jókòó. Àìsàn kan wà tó máa ń yọjú tó sì tún máa ń sá pamọ́ lára kọ̀ǹpútà. Oníbàárà á ní ẹ̀rọ òun ń daṣẹ́ sílẹ̀ nílé. Bó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù, ara rẹ̀ á yá gágá. Àwa yòókù á ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Olóògbé á tẹ̀lé e délé, á fa àga, á ní, "Ẹ jẹ́ n jókòó tì í ná." Á máa bá onílé tàkúrọ̀sọ títí ẹ̀rọ náà á fi ṣe ohun tí wọ́n ló ń ṣe. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí pé oúnjẹ onílé ló ń dúró dè. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, kò sì yí padà. Òun náà ló kọ́ wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe dísìkì, ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun gbogbo pamọ́ sí, ní òkú láì tíì wo wáyà rẹ̀.

Nígbà tí a wá kí yín, àkọ́bí yín sọ fún akọ̀wé wa pé kọ̀ǹpútà yàrá ìgbàlejò ń ṣe ségesège: lónìí á ṣí, lọ́la á ní òun ò rí dísìkì. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ládùúgbò ní kí ẹ jù ú nù. Ìyá wa, ohun kan ṣoṣo tí ẹ bi akọ̀wé ni pé, "Ṣé ohùn bàbá wọn tó wà nínú ẹ̀ náà ti lọ nìyẹn?" Fídíò ọjọ́ ìbí àbíkẹ́yìn yín wà níbẹ̀, kò sì sí níbòmíràn. Olóògbé tó ń pariwo sí gbogbo ayé létí pé kí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà wọn kò ṣe ẹ̀dà tilé ara rẹ̀. Bí àwa oníṣẹ́ yìí ti rí nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ olóògbé ni akọ̀wé wa ti kọ́ṣẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ náà dé ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ bí gbogbo wa ti máa ń ṣe, ó tàn án, ó sì ṣiṣẹ́. Kíá ló ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì. Ó yẹ dísìkì náà wò fínnífínní, kò rí àbùkù kankan. Àyà rẹ̀ ò balẹ̀ síbẹ̀, torí kò tíì rí ohun tó ń wá. Ó wá dé ìdérí padà, ó gbé ẹ̀rọ náà ti ògiri bó ṣe wà nílé yín, ó fa àga, ó jókòó tì í. Oníbàárà ń wọlé, akọ̀wé ń sọ fún wọn pé kí wọ́n padà wá. Nígbà tí ẹ̀rọ gbóná dáadáa, dísìkì pòórá.

Ìdérí ló ń tẹ wáyà tó ń gbé iná lọ sí dísìkì, bí ẹ̀rọ bá sì ti gbóná, ẹnu wáyà náà á máa yọ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí ìdérí láti wá àìsàn náà, wáyà á bọ́ lọ́wọ́ ìnira, àìsàn á sì lọ. Akọ̀wé wa pààrọ̀ wáyà, ó gbé e gba ibòmíràn, ó dé ìdérí, ó tún jókòó. Ẹ̀rọ náà kò daṣẹ́ sílẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni akọ̀wé ti sunkún ọ̀gá rẹ̀ tẹ́rùn.

A ó gbé ẹ̀rọ náà àti ẹ̀dà rẹ̀ wá fún yín. Gbogbo iṣẹ́ oníbàárà tó kù lórí tábìlì olóògbé, ẹgbẹ́ yóò parí rẹ̀ lórúkọ rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ fídíò náà nìkan ni akọ̀wé gbọ́, kó lè mọ̀ bóyá ó pé. Àwọn ọmọ ń pe bàbá wọn pé kó wá ya fọ́tò. Ohùn rẹ̀ já gaara, ó ní, "Ẹ jẹ́ n jókòó ná."

Ìyá wa, a mọ̀ pé ìrora yìí máa ń sá pamọ́ nígbà tí àlejò bá wà nílé. Kí Ọlọ́run jókòó tì yín nígbà tí gbogbo wa bá ti lọ tán.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́