Ata Ilẹ̀ Pupa Dípò Oògùn Ìyá Bùnmi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́. Agége.

Ìyá Bùnmi ò lè gbé omi mì lónìí. Ara rẹ̀ le gbagidi lórí àga, omi náà sì ń ṣàn jáde létí ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀bi mi ni. Mo kà á pé èròjà kan nínú ata ilẹ̀ pupa lè máà jẹ́ kí purotéènì ṣù pọ̀ nínú ọpọlọ ẹni tó ní àìsàn Pákínsìnì. Inú ìgò àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí i, kì í ṣe lára ènìyàn. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún yẹ oògùn wò ní ilé iṣẹ́ kan n'Íkẹjà mọ ìyàtọ̀ yẹn. Síbẹ̀, mo dá oògùn dókítà dúró, mo ń po ata ilẹ̀ fún un.

"Bàbá Bùnmi, ṣé èmi náà ti di ìgò àyẹ̀wò yín ni?" Ìyá Bùnmi ló wí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pò ó fún un. Ó ṣì lè ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn.

Bùnmi wá láti Ọmọ́lé lọ́sàn-án. Ó gbé páálí oògùn wò. "Dádì, kí ló dé tí oògùn Mọ́mì ò dín?"

Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni. Ó gbà mí gbọ́. Ó pe dókítà, ìyẹn ní oògùn náà ò ràn án mọ́ nìyẹn, kó lọ ra èyí tó le jù ú lọ.

Ó ti jáde kí n tó lè lanu. Mo pè é lórí fóònù, mo jẹ́wọ́. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ:

"Ẹ má fún un ní nǹkan kan mọ́. Mò ń bọ̀."

Mo ti bẹ Ìyá Bùnmi. Ó ń wò mí, kò ṣẹ́jú. Mi ò mọ̀ bóyá kò lè dá mi lóhùn ni, àbí kò fẹ́.