Àdúrà Tí Mo Gbé Mì ní Pápákọ̀ Òfurufú

Ẹlẹ́rìn-ín mi, ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín kó tó mọ ẹni tó ń bá a ṣeré,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. A kú àárò ara wa. Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì jẹ ọ́ ní ìka? Mo ń gbàdúrà pé bí o ṣe ń jáde láàárọ̀ ni wàá máa wọlé nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, o ò ní sọnù sáàárín èrò. Bàbá rẹ ń kí ọ. Àbúrò rẹ náà ń kí ọ, ó ní kí n sọ ọ́ dáadáa pé òun ló ń kí ọ jù. Ìyá aránṣọ tó wà lójúde wa ń kí ọ pẹ̀lú. Láti ìgbà tí èmi àti bàbá rẹ ti ti ọ̀dọ̀ rẹ dé ni wọ́n ti ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé àtẹ̀gùn máa ń gbé èèyàn gòkè níbẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn gbé ẹsẹ̀. Mo ní òótọ́ ni, èmi fúnra mi gùn ún, wọ́n ní ìrìn àjò ti kọ́ mi nírọ́.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè. Fóònù tí o rà fún mi wà dáadáa, mo ń fi aṣọ bò ó kí eruku má bàa ta sí i lójú. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn tí mò ń rí ojú rẹ nínú rẹ̀, o kàn dédé gan, o la ẹnu sílẹ̀, o ò pa á dé, ojú rẹ ò ṣẹ́. Mo pe bàbá rẹ, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ó jọ pé inú ló ń bí ọ, kí n tètè bẹ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́, o ò dáhùn. Àbúrò rẹ ní kò sí nǹkan kan, ẹ̀rọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò tún fẹ́ rí ọmọ mi bí ère tí wọ́n gbẹ́ sára igi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí mo bá pè, kí n tó la ẹnu, wàá ti ní Màmá, mo wà dáadáa, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Nínú lẹ́tà, o ò lè já lu ọ̀rọ̀ mi.

Láti ìgbà tí a ti ti ọ̀dọ̀ rẹ dé, bàbá rẹ ò yé ròyìn ìlú náà. Ẹni tó bá ti gbé ilẹ̀kùn wá sí ìsọ̀ káfíńtà wọn kí wọ́n bá a tún ṣe, tipátipá ni yóò fi gbọ́ ọ. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti obìnrin inú fóònù rẹ tó ń júwe ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí láyé: ó ní ká yà sọ́wọ́ òsì, a yà sọ́wọ́ ọ̀tún, kò bú wa, kò ní ṣé òun ò sọ bẹ́ẹ̀, ńṣe ló fi ohùn tútù wá ọ̀nà mìíràn fún wa. Ìwòkuwò tí wọ́n máa ń wò mí tí wọ́n bá dé ibẹ̀ nínú ìtàn náà, mo ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ máa ń jẹ́ kí obìnrin yẹn sinmi?

Ibi iṣẹ́ rẹ ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jókòó ní ìlà-ìlà nínú ilé onígíláàsì, kálukú fi nǹkan há etí, ẹ ń bá ẹni tí a ò rí sọ̀rọ̀. Mo dúró sẹ́yìn rẹ lọ́jọ́ tí o mú wa lọ síbẹ̀. Ìwọ̀nba èdè tí mo kọ́ nílé ìwé girama tó láti mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ lò ń bẹ̀. Ẹ má bínú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì wá. Bí o bá ti bẹ ti ẹni yìí tán, o tún mú ti òmíràn. Ọmọ mi, ta lo ṣẹ̀? O ní ọjà tí wọ́n rà ló bàjẹ́. Ọjà tí kì í ṣe ìwọ lo ṣe é, tí kì í ṣe ìwọ lo tà á? Bàbá rẹ ní ọmọ tó ní àgbà lẹ́yìn kì í dá ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Kí o kọ orúkọ àwọn tí inú ń bí náà ránṣẹ́, àwọn á kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn á fi ewú orí bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n lè fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn ṣá. Ọjọ́ tí a dé, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ, mo bá abọ́ kan, ife kan, ṣíbí kan. Mo ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ìyókù sá síbẹ̀. Àga kan ló wà nílé. Ńṣe là ń gba ara wa láyè jẹun bí ẹni tó tò sídìí ẹ̀rọ omi. O rẹ́rìn-ín, o ní ṣebí ẹnì kan ṣoṣo ni ìwọ. Bàbá rẹ ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀, wọ́n tọrọ pákó tí wọ́n fi ń to ẹrù, wọ́n yá òòlù lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tún ilé yín ṣe, wọ́n kan àpótí ìjókòó méjì. Wọ́n ní ọ̀kan fún ẹni tó bá wá kí ọ, èkejì fún ẹni tó bá sin onítọ̀hún wá. Ṣé ẹnikẹ́ni ti jókòó lé wọn? Sọ òótọ́ fún mi. Tó bá jẹ́ pé aṣọ lo kó lé wọn lórí, bàbá rẹ ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ.

Ìyá àgbà tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tìrẹ ńkọ́? O rántí pé mo máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn láràárọ̀, màá kan ilẹ̀kùn, màá ní ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ẹ jí dáadáa? O ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, wọ́n lè pe ọlọ́pàá. Mo ní ọlọ́pàá wo ló ń mú ẹni tó ń béèrè àlàáfíà? Lọ́jọ́ kan, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, wọ́n yọjú, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn mi orí sí mi. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti dúró dè mí, wọ́n sì ti ya irun wọn.

Bóyá ìyẹn ló kì mí láyà tí mo fi kí gbogbo ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ tí à ń padà bọ̀. Ẹnì kankan ò dáhùn. Ọkùnrin kan gbé báàgì rẹ̀, ó lọ jókòó sápá kejì. Ìgbà yẹn lo rọra ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí gbogbo èèyàn mọ́, wọ́n ń wò wá. Inú ò bí mi o. Mo kàn sọ fún ara mi pé mi ò ní dójú ti ọmọ mi mọ́ títí n ó fi kúrò nílùú onílùú.

A dé pápákọ̀ òfurufú, mo pa ẹnu mọ́. Nílé níbí, ẹni tó bá ń sin èèyàn, ẹnu ọkọ̀ ló ń sìn ín dé. Mo ti rò ó pé wàá sìn wá dé ìdí bàálù, ibẹ̀ ni màá ti gbé ọwọ́ lé ọ lórí, kí n ṣàdúrà fún ọ kí n tó wọlé. Mo ti to àdúrà náà sẹ́nu láti ilé rẹ. Ta ló sọ fún mi pé ẹni tí kò rìnrìn àjò ò lè kọjá ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò? Wọ́n ní kí bàbá rẹ bọ́ bẹ́líìtì, mo ń bá wọn di ṣòkòtò mú, bí mo ṣe máa wẹ̀yìn, o ti wà lódì kejì gíláàsì. O nawọ́ sókè, ẹnu rẹ ń mì, mi ò gbọ́ nǹkan tí o ń sọ. Bàbá rẹ ní kí n dá ọ lóhùn. Mo la ẹnu kí n ké àdúrà yẹn sí ọ, mo wo iye èèyàn tó wà níbẹ̀, mo rántí ọkọ̀ ojú irin. Mo kàn mi orí sí ọ, bí ìyá àgbà yẹn. Mo gbé àdúrà náà mì. Nínú bàálù, ọmọbìnrin tó ń pín omi bi mí bóyá nǹkan há mi lọ́fun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Bàbá rẹ náà ń ṣe bí ẹni tí kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n ti kan àga kan tó ní apá, wọ́n ti há a síbi ògiri, ẹni tó bá fẹ́ jókòó lé e, wọ́n á ní ó ti ní ẹni tó ni ín.

Ó yẹ kí n tọrọ owó báyìí, torí lẹ́tà ìyá tí kò bá tọrọ owó, ọmọ á rò pé ara rẹ̀ ò yá. Páànù ilé ìdáná ń jò. Bàtà àbúrò rẹ ti ya ẹnu. Ṣùgbọ́n má fi owó kankan ránṣẹ́. Jẹ́ kí páànù máa jò, jẹ́ kí bàtà ya ẹnu títí dé gìgísẹ̀. Kó gbogbo owó náà jọ, fi wọ bàálù wá sílé. Kó o tó wá, bá mi kan ilẹ̀kùn ìyá àgbà, ní kí wọ́n wá jókòó lórí ọ̀kan nínú àpótí yẹn. Tí wọ́n bá ní kí ló dé, sọ pé ẹni tó máa ń kí wọn láràárọ̀ ló ní kí o bá òun kí wọn.

Mo gbìyànjú láti kọ àdúrà yẹn síbí, mo pa á rẹ́. Kò ṣe é kọ. Ọwọ́ la fi ń ṣe é, orí ni wọ́n fi ń gbà á. Ọlọ́run á mú ọ dé láyọ̀, ọmọ mi. Gbé orí rẹ wá.

Èmi ni ìyá rẹ,
tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní nínà.