Ìpín Ìyá Sàádátù

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Màgàríbà

Ìyá Sàádátù, ìyàwó mi, kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Mi ò mọ̀wé, fóònù ni mò ń sọ eléyìí sí.

Múfú ọmọ wa ló fa íńtánẹ́ẹ̀tì sí agboolé yìí. Ó ní fóònù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí ilé ṣe ń ní. Ohun kan wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó bá ti tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, á fi ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí hàn án. Bí ẹni pín ogún ní ìdí igi ló ṣe pín in, ọgbọọgba, láìka iye èèyàn tó wà níbẹ̀: ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa, ilé kéú, ilé mi, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá rẹ̀.

Lónìí ó ní ìpín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kún, nọ́ńbà ò ká fóònù wọn mọ́. “Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún un pín ní orí-ò-jorí, kí ibi tí èrò pọ̀ sí gba púpọ̀. Títì ni ṣọ́ọ̀bù Màámi wà.”

“Ṣé o ti bi í?”

“Bàbá, nọ́ńbà lásán ni. Kì í ṣe ilẹ̀.”

“Ta ló sọ pé ilẹ̀ ni mò ń jà fún?”

Ó tẹ̀ ẹ́, ìpín tuntun jáde. Ṣọ́ọ̀bù ò sí níbẹ̀. Mo ní kó pa á rẹ́, ó pa á rẹ́.

Ọmọ náà ò purọ́, ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Mo jókòó, mo dìde, mo tún lọ fọwọ́ kan àgádágodo ṣọ́ọ̀bù.

Sàádátù ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la. Òun ni àkọ́bí, òun ni màá fún ní kọ́kọ́rọ́. Kó kọ́kọ́ wọlé, kó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìyá rẹ̀, kó tó sọ fún Múfú pé kó gba ìpín náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.