Fíríìjì Tó Gba Ìwé Pupa

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ ọ́ bó ṣe rẹ̀ mí.

Mo jókòó, mo to ohun tó ti bàjẹ́ nínú ilé rẹ tí èmi àti àwọn ayálégbé jọ ń gbé. Iná fíríìjì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń gbé èèyàn bí a bá fọwọ́ kàn án. Áyọ́ọ̀nù ń ta iná. Wáyà kẹ́tù tí a fi ń se omi ti bó. Ta ló mọ̀? Ìwọ mọ̀, lẹ́tà mi mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ. Tíṣà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn mọ̀, apá rẹ̀ ló kú fún odidi ọjọ́ kan. Aránṣọ tó wà níwájú mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀, a wá ń wo ara wa bí ẹni ń wòran.

Oníṣẹ́ iná tí o rán wá dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. O mọ̀ pé mo kàwé ìṣòwò, n kì í dúró kí àlejò dé kí n tó máa wá àga. Bó ṣe ku ọ̀la kó dé ni mo ti kó áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù àti fáànù síta, mo fi ọṣẹ àti kànìnkànìn wẹ̀ wọ́n tinú tòde. Ṣé ẹni tó ń gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò kì í kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ ni? Oníṣẹ́ iná fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò rẹ̀ kan áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ figbe ta. Ó gbé kẹ́tù, omi dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó ní ta ló ṣe irú iṣẹ́ yìí. Mo ní èmi ni, kó má wulẹ̀ dúpẹ́. Ó gbọn omi kúrò lẹ́sẹ̀, ó ní kí n sá wọn sóòrùn, òun ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Fíríìjì nìkan ni n kò wẹ̀, ó wúwo. Òun náà fìdí rẹmi! Ó ní wáyà tó yẹ kó máa kó iná wọlẹ̀ ti já, ó lẹ ìwé pupa mọ́ ọn pé ewu ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún un ní máàkì díẹ̀, ó kọ̀. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ bèèrè ọjọ́ orí fíríìjì. Mo kọ ọ́ pé àgbà ni, ó ti wà nílé kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣègbéyàwó.

Ó ní ká yọ ọ́ kúrò lára iná. A yọ ọ́. Kò pẹ́ tí tíṣà fi so ó padà, ó ní ìwé pupa ò lè mú ẹja tutù. Mo bá ṣètò: mo ra bàtà rọ́bà sẹ́nu fíríìjì, mo kọ ọ́ sára ògiri pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ lásán ṣí i. Ètò náà ń lọ geere, àfi láàárọ̀ yìí tí ọmọ aránṣọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, rá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó nawọ́ sí ìwé pupa nítorí ó ń dán. N kò mọ bí mo ṣe fi orúnkún mi yìí sáré. Ó ku bí ìbú ìka méjì kí ọwọ́ rẹ̀ kàn án kí n tó gbá a mú. Ọmọ mi, kò sí bàtà rọ́bà fún ẹni tó ń fọwọ́ rìn.

Mo tún ti yọ fíríìjì kúrò lára iná, mo gbé àga dí i, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé yìí. N kò lè jẹ́ ọdẹ fíríìjì títí ayé.

Lọ́tẹ̀ yìí n kò tọrọ owó. Oníṣẹ́ iná ni mo ń fẹ́, pẹ̀lú wáyà tuntun, kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Bí n kò bá rí i, mo ti bá awakọ̀ akẹ́rù sọ̀rọ̀: èmi àti fíríìjì yìí, tòun tìwé pupa rẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ la máa wà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìwọ ni wàá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o tètè gbọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, lẹ́nu fíríìjì.