Mo Da Omi sínú Kọ̀ǹpútà, Orí Mi sì Pé

Èmi, tí orúkọ mi ní kíkún wà nínú ìwé ìbí tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé yìí, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Onípáìpù, opó, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí mo fi ogójì ọdún ṣe iṣẹ́ púlọ́mbà kí n tó fẹ̀yìntì, ni mo ń hágún ohun ìní mi lónìí. Mo kéde pé orí mi pé. Àwọn ẹlòmíràn máa ń kọ gbólóhùn yìí nítorí pé lọ́yà ní kí wọ́n kọ ọ́. Èmi kọ ọ́ nítorí pé àkọ́bí tí mo fi inú mi bí ti mú mi lọ bá dókítà láti mọ̀ bóyá ó pé.

Ó pé. Dókítà ní kí n máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún títí tí yóò fi tán. Mo yọ ọ́ títí ó fi ku méjì. Mo wá bi í léèrè ìdí tí páìpù abẹ́ síǹkì rẹ̀ fi ń jò. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń jò.

Lọ́yà mi ti là á yé mi pé bí ẹnikẹ́ni bá lè fi hàn ní kóòtù pé n kò mọ ohun tí mo ń ṣe, ìwé yìí di ìwé lásán. Àkọ́bí mi yóò ta ilé, yóò sì tú ẹ̀rọ mi palẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa mú ìhágún yìí ṣẹ, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ṣe jẹ́.

Ogójì ọdún ni mo fi ri páìpù mọ́lẹ̀ ní ìlú yìí, ilé iṣẹ́ omi kò sì ní àwòrán wọn tó péye. Inú orí mi ni àwòrán wà. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán tí èèyàn lè yí po, kí ó wo abẹ́ ilẹ̀ bí ẹni ń wo inú ìkòkò. Bí àwòrán náà ṣe ń tóbi ni kọ̀ǹpútà ń gbóná. Fáànù rẹ̀ ń pariwo, kò sì lè dá ooru náà dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni ó ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní, ta ló mọ bí omi ṣe ń gbé ooru kúrò níbì kan lọ síbòmíràn, bí kì í bá ṣe èmi? Mo ra ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n fúnra mi lórí tábìlì yàrá ẹ̀yìn: pọ́ǹpù kékeré, rédíétọ̀ tí ó gùn tó apá mi, páìpù rọ́bà, àti àwo pẹlẹbẹ kan tí ó mọ́ gaara, tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà.

Mo ṣe àṣìṣe kan, n kò ní fi pamọ́. Ọwọ́ lásán ni a fi ń de ojú ìsopọ̀ wọn. Èmi gbé sípánà. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún de irin, kí ló mọ̀ nípa ohun tí a ń fi ìka méjì dè? Àwo náà là sí méjì. Mo bú ara mi dáadáa, mo ra òmíràn.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo ṣe é bí púlọ́mbà ṣe ń ṣe: a kì í bo páìpù tí a kò tíì dán wò. Mo da omi sí i. N kò fún kọ̀ǹpútà níná rárá. Pọ́ǹpù nìkan ni mo fún. Mo tẹ́ tíṣù funfun sábẹ́ gbogbo ojú ìsopọ̀, mo gbé àpótí ìjókòó, mo sì pinnu láti ṣọ́ ọ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, nítorí ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni àkọ́bí mi wọlé. Ó rí omi tí ń yí nínú kọ̀ǹpútà, ó rí tíṣù káàkiri, ó rí ìyá rẹ̀ tí kò jẹun, tí kò sì fẹ́ dìde. Ó gbá orí mú, ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù pé Màámi ti da omi sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ti jókòó tì í, wọn ò fẹ́ dìde. Òótọ́ kúkú ni. Ilẹ̀ mọ́, tíṣù kò tutù. Mo ti di tíṣù náà sínú àpòòwé fún adájọ́ tó bá fẹ́ ẹ̀rí.

Ìkíní. Ilé mi di ti àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ́gbọọgba. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á kí àwòrán páìpù tó parí.

Ìkejì. Ẹ̀rọ náà di ti ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú àwòrán inú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bèèrè ohun tó ṣe mí, òun bèèrè ibi tí omi ń gbà. Mo fi hàn án, ó sì ti mọ̀ ọ́n kà báyìí. Bí ó bá parí rẹ̀, kí ó fún ilé iṣẹ́ omi ní ẹ̀dà kan lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n yéé gbẹ́ ojú títì tí kò ṣẹ̀ wọ́n.

Ìkẹta. Sípánà mi ńlá di ti àkọ́bí mi. Iṣẹ́ sípánà yẹn ni mo fi rán an níléèwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ pààrọ̀ omi ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ikú mi, òun ni yóò tẹ́ tíṣù, tí yóò jókòó lórí àpótí mi tọ̀sán-tòru, láìfọwọ́ kan fóònù. Bí ó bá kọ̀, ìpín rẹ̀ nínú ilé di ti àbúrò rẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ jẹ ẹ́ níyà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe jókòó tì í nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Òun ni a pe dókítà fún lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe èmi.

Ìkẹrin. Olóńgbò mi di ti aya àkọ́bí mi. Ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ ni ó ń sùn, nítorí ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Olóńgbò náà nìkan ni kò fi ìgbà kankan rò pé orí mi dàrú, kí ẹ máa bọ́ ọ dáadáa.

Ìkarùn-ún. Ọ̀rọ̀ kan Rewáyà, tí ó ń fa wáyà iná sínú ilé tí mo bá ti ri páìpù. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó lu ògiri ilé ìdáná kan, ó dá páìpù mi lu, ó sì pariwo níwájú àwọn bíríkìlà pé wèrè obìnrin nìkan ló lè gbé páìpù gba ibẹ̀. Ìjà ò dọlà, orúkọ ni í sọ ni. Wèrè Onípáìpù ni wọ́n ń pè mí fún odidi ọdún kan. N kò kí i mọ́. Ó dùn mí ju bí ó ṣe yẹ lọ, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má ṣe yọ gbólóhùn yẹn kúrò.

Nígbà tí ó kù kí a fún ẹ̀rọ náà níná, ọmọ mi obìnrin lọ pè é láìgbàṣẹ. Ó wá. Ó wò ó pẹ́, kò sọ ọ̀rọ̀ wèrè kankan. Ó gbé gbogbo wáyà lọ sókè páìpù, kí omi tó bá kán má bàa kan iná. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni ó ń wá yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Kò sí ohun tó ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

Ilé tí ó ń gbé kì í ṣe tirẹ̀, onílé sì ti ní kí ó kó jáde. Mo fẹ́ fún un ní yàrá tó kọjú sí ti ẹ̀rọ náà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́yà ní ẹni tó bá jẹ́rìí sí ìhágún kò lè jogún nínú rẹ̀. Ó tún ní ẹ̀rí Rewáyà ni adájọ́ yóò gbà jù, nítorí ó mọ iṣẹ́ mi, gbogbo ayé sì mọ̀ pé kì í pọ́n mi lé. Mo sọ méjèèjì fún un: yàrá tàbí kálàmù. Mo ní èyí tó bá mú, n kò ní bínú. Ó ní òun á rò ó. Títí di ìlà yìí, kò tíì fèsì. Bí kò bá fọwọ́ sí ìwé yìí, yàrá náà di tirẹ̀. Bí ó bá fọwọ́ sí i, ọmọ mi obìnrin ló ni ín.

Lọ́yà mi àti ọmọ mi obìnrin ni yóò mú ìwé yìí ṣẹ. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kí ó wá yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo fọwọ́ sí i ní yàrá ẹ̀yìn, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, kò sì pariwo, ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta.

Ìyá Onípáìpù

Ẹlẹ́rìí kìíní: Káfíńtà, aládùúgbò. Ó ṣojú mi.

Ẹlẹ́rìí kejì: Ó ṣojú mi. Orí rẹ̀ pé. Ó pé lọ́jọ́ ògiri ilé ìdáná yẹn náà. Ibi tí ó gbé páìpù gbà ló tọ́, èmi ni mo ṣì í lù.
Rewáyà