Orúkọ Tí Jẹ́jẹ́ Kò Lè Pè

                                        Ilé Àwọn Àlejò,
                                        Àjà Kejì, Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé,
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àárò ọmọ. Ṣé ara le? Ṣé Bàbá Jẹ́jẹ́ ti ń fi orúnkún wọn gun àtẹ̀gùn, àbí àwọn ọmọ ni wọ́n ṣì ń rán lọ sókè fún ohun gbogbo? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọn á ti pín bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n wọn mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹ sọ fún wọn pé ó ń padà bọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí bí ẹ ṣe pa á láṣẹ. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nìyẹn. Lórí fóònù, ẹ̀yin ń sunkún, ọmọ ń sunkún, èmi ń wo aago. A ò lè ṣèpàdé báyẹn. Lẹ́tà kì í sunkún, ẹ ó sì kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fèsì. Olùkọ́ ìṣirò wa tó ń padà sílé lọ́la ni mo fi í rán sí yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìlú òyìnbó yìí ṣe rí lójú àwọn ọmọ ilé-ìwé wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí mo kó wá fún ètò pàṣípààrọ̀. Èmi ní tèmi, ìlú náà bá mi lára mu. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n bá ní ó ń bọ̀, ó ń bọ̀ náà ni, kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ ní sùúrù. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, a jẹun tán, oòrùn ṣì ń ràn kalẹ̀. Èyí tí à ń pè ní Aláròyé nínú wọn kọ̀, kò lọ sùn. Ó ní òun ò sùn lójú oòrùn rí àfi ìgbà tí ibà bá ń ṣe òun. Lọ́jọ́ kejì, a dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà kan, ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹni tó ń jáde lè ráyè kọjá. Kò sẹ́ni tó ń jáde. Ilẹ̀kùn ń pa dé, ó ń ṣí, àwọn ọmọ ọlọ́wọ̀ dúró. Èmi ni mo tì wọ́n wọlé níkọ̀ọ̀kan.

Ti kíláàsì ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Olùkọ́ wọlé, àwọn ọmọ wa dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n kí i. Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn. Ó rò pé ẹnì kan tó ju òun lọ ló tẹ̀lé òun wọlé! Àwọn ọmọ ibẹ̀ jókòó sórí àga wọn ní tiwọn, wọ́n sì pe olùkọ́ lórúkọ gbàgà, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Aláròyé fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, “Àǹtí, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe pè é, bíi pé wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù!” Ẹ fi ọ̀rọ̀ orúkọ yìí sọ́kàn, òun ló di wàhálà.

Ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pín àwọn ọmọ sí. Màmá tó gba Jẹ́jẹ́ yín sílé ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ń tún ṣe. Ìsàlẹ̀ ilé ni ṣọ́ọ̀bù, kẹ̀kẹ́ kọ́ sára ògiri bí aṣọ, táyà gun orí táyà, gíríìsì sì ti sọ ilẹ̀ di dúdú. Òkè ni wọ́n ń gbé. Wọn ò lọ́kọ, wọn ò bímọ. Ajá kan ni wọ́n ní, arúgbó ajá tí orúkọ rẹ̀ le débi pé ahọ́n àwọn ọmọ wa kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé àjákù táyà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, Jẹ́jẹ́ sọ ọ́ ní Rọ́bà. Ajá náà gbà.

Ọjọ́ tí Jẹ́jẹ́ débẹ̀, ó pe màmá náà ní “Mà”. Wọ́n ní rárá o, òun kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ó pè wọ́n ní “Àǹtí”. Wọ́n ní òun àti ìyá rẹ̀ ò tan. Orúkọ òun ni kó máa pe òun, kó má fi nǹkan kan kún un. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ tọ́ ọmọ yìí. Ṣé ọmọ tí ẹ tọ́ lè wo ẹni tó tó ìyá yín lójú, kó la orúkọ mọ́ ọn lórí?

Kò lè ṣe é. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ò lè ṣe é. Bó bá ní ohun tó fẹ́ bá wọn sọ, á rọra sọ̀kalẹ̀, á lọ dúró lẹ́yìn wọn títí wọ́n á fi yíjú. Ẹ mọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ológbò gan-an ń pariwo jù ú lọ. Màmá á yíjú, wọ́n á bá ènìyàn lẹ́yìn, wọ́n á ké, sípánà á bọ́ lọ́wọ́ wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé, ọ̀kan ń bẹ̀rù, èkejì ń ta gìrì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, orí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná fò yọ. Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ dí i, kò dí. Ó fi aṣọ dí i, kò gbọ́. Ó sáré sọ̀kalẹ̀. Màmá kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin ń ké, rédíò ń pariwo. Ọmọ yín dúró. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́.” Nígbà tó yá, ó tún ní, “Ẹ jọ̀ọ́ o.” Ẹ̀gbọ́n mi, omi ló kọ́kọ́ dé orí wọn kí ọ̀rọ̀ tó dé etí wọn. Ó gba àárín pákó òkè já, ó dà sórí gbogbo kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti tún ṣe tán.

Màmá pè mí lórí fóònù. Wọn ò bínú, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní, “Ọmọ yìí máa ń pe ajá láti orí àtẹ̀gùn, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Èmi nìkan ni kò lè pè. Lónìí, omi ni. Bó bá jẹ́ iná ńkọ́? Wá mú un lọ́jọ́ Ẹtì.”

Kí n má parọ́, bó bá jẹ́ èmi ni mo nilé, ohun tí n bá sọ nìyẹn. Òfin ètò yìí sì le. Ilé tí wọ́n ti yẹ̀ wò kí a tó dé nìkan ni ọmọ lè gbé, àwọn tó kù sì ti kún. Ọmọ tí kò bá nílé, ọkọ̀ òfurufú ló kàn. Ìyẹn ni mo sọ fún yín tí ẹ fi ní kí n dá a padà wàrà, pé ìyà ń jẹ ọmọ yín. Ohun tí ẹ ò gbọ́ ni ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń na rímù kẹ̀kẹ́ tó bá wọ́. Ó fi ọwọ́ tó kún fún gíríìsì nu ojú, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ dúdú, ó ní, “Àǹtí, mi ò fẹ́ lọ. Mo fẹ́ràn wọn. Mi ò kàn lè pè wọ́n ni.”

Ẹ mọ̀ mí. Sùúrù ni bàbá ìwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi àti bàbá yẹn ò gbé ilé kan náà. Lọ́jọ́bọ̀, mo ti débẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo fa Jẹ́jẹ́ wọ ilé ìdáná, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní ohun tí ènìyàn ò bá lè ṣe, ìdánrawò ni oògùn rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé-ẹ̀kọ́ òwò nìyẹn. “Ó yá, pe orúkọ wọn.” Ó la ẹnu bí ẹja, ó pa á dé. “Tún là á.” Ó tún là á. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wá wò mí, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ̀yin ẹ pè é ká gbọ́ ná.”

Mo ní kí ló wà níbẹ̀? Mo nàró, mo tún ọ̀fun ṣe, mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni “Mà... màdáàmù.” Jẹ́jẹ́ bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Àṣé láti ọjọ́ tí mo ti mọ obìnrin yìí, èmi náà ò pe orúkọ wọn rí!

Ó wá bi mí bóyá lóòótọ́ ni wọn ò bímọ. Mo ní kò kàn án. Ó ní, “Rọ́bà ńkọ́? ‘Ọmọ mi’ ni wọ́n máa ń pè é.” Mo ní ajá ni ajá, kó yé fi àkókò mi ṣòfò. Mo wọ yàrá rẹ̀ lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí ká aṣọ rẹ̀ sínú àpótí. Bí n kò bá lè tún nǹkan ṣe, ó kéré tán, mo lè di ẹrù.

Aṣọ wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ igbe lórí àtẹ̀gùn: “Ìyá Rọ́bàààà!”

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo wàhálà! Ẹ pe obìnrin tí kò bímọ ní ìyá ajá lọ́dọ̀ wa, kí ẹ wo iye àgbààgbà tó máa bá yín bẹ̀bẹ̀. Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ dákẹ́. Rédíò dákẹ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ajá ló kọ́kọ́ wọlé, tòun ti táyà lẹ́nu. Màmá tẹ̀lé e pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ni ọmọ yìí ń pe òun?

Mo rò ó pé kí n parọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ máa ń gùn jù, mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní lọ́dọ̀ wa, ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ, orúkọ ọmọ ẹni la fi ń peni, ìyá lágbájá, bàbá tàmẹ̀dò. Mo ní, “Ọmọ kan ṣoṣo tó rí lọ́wọ́ yín ló fi pè yín. Bó bá dùn yín, ẹ má bínú, mo ti ń di ẹrù rẹ̀.”

Wọ́n wo ajá. Wọ́n wo Jẹ́jẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, “Ẹni tí kò bá wá bímọ ńkọ́?”

Mo ní, “A máa ń wá ọmọ kan fún un. A kì í jẹ́ kó wà láìní.”

Wọ́n fọwọ́ ra ajá lórí. Wọ́n wá ní, “Ní kó tún un pè. Ẹ̀rọ ń ké, ìdajì ni mo gbọ́.” Wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ padà, wọ́n tan ẹ̀rọ, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Jẹ́jẹ́ dúró lórí àtẹ̀gùn, ó fa èémí, ó pè é. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní ohùn ọmọ yìí ò lè jí eṣinṣin, ẹ ò bá wà níbẹ̀! Wọ́n jẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀, “Hẹn!” bíi pé ọjọ́ tí wọ́n ti ń jẹ́ ẹ ti pẹ́.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ yín wo ilé, ó sọ ìyá lórúkọ. Ọjọ́ Ẹtì ti kọjá, kò sẹ́ni tó mú ẹnikẹ́ni lọ. Láti àná, àwọn tó ń gbé kẹ̀kẹ́ wá tún ṣe ti ń fi ẹnu wọn tó wọ́ gbìyànjú orúkọ náà, màmá sì ń tún un ṣe fún wọn bí olùkọ́. Rọ́bà nìkan ni kò dùn mọ́, torí bí wọ́n bá ti pe ìyá rẹ̀, òun náà á gun àtẹ̀gùn, egungun rẹ̀ sì ti darúgbó.

Nítorí náà, ẹ má pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sì pe ọmọ lójoojúmọ́ mọ́, ọjọ́ Àìkú tó. Bó bá sunkún díẹ̀, ẹ jẹ́ kó sunkún, kó sì lọ na rímù rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá Jẹ́jẹ́ àti àwọn ìbejì. Ẹ kí ìyá ìyàwó tó wà lójúlé kejì, kí wọ́n má rò pé mo gbàgbé wọn. Màmá náà ní kí n kí yín. Wọ́n bi mí pé kí lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo la ẹnu, mo tún rí i pé kò ṣe é pè. Mo ní Ìyá Jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n ní, “Ó dáa. Sọ fún Ìyá Jẹ́jẹ́ pé Ìyá Rọ́bà ń kí i.”

Èmi ni tiyín, àbúrò yín tí kì í lè dúró,

Àǹtí Wàràwàrà.