Àga Ọkọ Mi Tí Àbúrò Rẹ̀ Fi Fóònù Gbé Lọ

Ṣọ́ọ̀bù Gbẹ́nàgbẹ́nà,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Fún Oníṣẹ́ Ọnà Ní Ìwé Ẹ̀rí,
Àjà Kẹta, Ilé Iṣẹ́ Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ GBA ÌWÉ Ẹ̀RÍ YÍN PADÀ LỌ́WỌ́ ẸNI TÓ JÍ ÀGA ÒKÚ

1. Opó gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. Ọdún méjìlélógún ni ọkọ mi fi ń kan àga, tí èmi ń fi sáńpépà fá a, tí mo sì ń kùn ún ní fáníìṣì. Àbúrò rẹ̀ ni mo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe áàpù. Bí ènìyàn bá gbé fóònù sókè nínú yàrá rẹ̀, áàpù yìí á fi àga tí kò sí níbẹ̀ hàn án bí ẹni pé ó wà níbẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá yóò bá ilé òun mu. Ojúlówó ni mo ń pe ọkùnrin náà, nítorí ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ náà.

2. Ní oṣù méje tí ọkọ mi lò kẹ́yìn láyé, àìsàn àyà kò jẹ́ kó lè dùbúlẹ̀ sùn. Ó kan àga kan fún ara rẹ̀: ibi ìgbápálé rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀gbọ̀kú díẹ̀ kí èémí lè já gaara. Nítorí pé ilẹ̀ yàrá wa dagẹ̀rẹ̀ sí ọ̀nà fèrèsé, ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjì tó wà lápá ibẹ̀ fi ìnípọn ìka kan gùn ju àwọn tó kù lọ. Orí àga yẹn ló kú sí.

3. Ní ọjọ́ kẹjọ tí a sin ín, Ojúlówó wá. Ó yí àga náà po lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú fóònù tó dojú kọ ọ́, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kúnlẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní: “Ìyàwó mi, ohun tí màá fi máa rántí ẹ̀gbọ́n mi ni.” Èmi fúnra mi ni mo ká aṣọ fèrèsé kúrò kí ìmọ́lẹ̀ lè tó o.

4. Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin mi gbé fóònù rẹ̀ sókè nínú pálọ̀ wa. Àga bàbá rẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní òjìji nílẹ̀. Ibi tí òógùn àtẹ́lẹwọ́ ọkọ mi ti jẹ fáníìṣì mi wà níbẹ̀ rekete. Mo na ọwọ́ sí i, ọwọ́ mi bá òfìfo. Orúkọ Ojúlówó ló wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú èdìdì Ìgbìmọ̀ yín, pé òun ló ronú kàn án.

5. Ẹ̀rí mi rèé. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹsẹ̀ méjì lára àga orí fóònù náà kì í kanlẹ̀. Ojúlówó kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ránṣẹ́ sí yín pé àrà ni òun fi dá, kó lè dà bí ẹni tó fẹ́ fò. Ọmọ mi gbé fóònù wọ yàrá wa, ó sì fi àga òfìfo náà sí ẹ̀gbẹ́ ti gidi. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kanlẹ̀ pin. Fọ́tò rẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí.

6. Ó ti rán àwọn àgbà ẹbí sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwòrán lásán ni, àga mi ṣì wà nílé, kí n fọwọ́ wọ́nú. Mo dá wọn lóhùn pé ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun, ọjọ́ tèmi sì ti pé. Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò wá ìlàjà.

7. Mo gbọ́ pé ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí ni ẹ máa fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní gbọ̀ngàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sún ayẹyẹ náà síwájú, ẹ má sì ta á lólobó. Ẹ jẹ́ kó rán aṣọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn àna rẹ̀ jókòó níwájú. Ẹ pè é gun orí pèpéle, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ tẹ́rùn. Kí ẹ tó gbé ohunkóhun lé e lọ́wọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí sétí gbogbo wọn láti ìpínrọ̀ kìn-ín-ní dé ìkeje. Bí ohùn akọ̀wé yín kò bá dókè, èmi yóò wà ní ìlà kejì. Mo lè kà á fúnra mi.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tí kò ní gbàgbé,
Ìyá Onífáníìṣì,
Opó Gbẹ́nàgbẹ́nà, Ẹni Tó Ni Àga.